Ta Ló Yẹ Kó Sáré?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tí èèyàn méjì mẹ́ta bá ń tẹ̀ lé lẹ́yìn: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyálọ́jà, alága àwọn awakọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà, télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́. Bí nǹkan bá di kíákíá, bí àyà gbogbo èèyàn bá ń já, kí ló yẹ kí olórí ṣe?

Ọ̀pọ̀ wa ló máa dáhùn pé kí olórí pariwo. Kí ó pàtẹ́wọ́, kí ó ní, "Ó yá, ó yá, ẹ sáré!" Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, a sì ti rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ olórí nígbà ìdààmú ni kí ó mọ ẹni tó yẹ kó sáré, kí ó mọ ibi tí onítọ̀hún máa sáré lọ, kí ó sì jẹ́ kí àwọn yòókù jókòó ti iṣẹ́ wọn láìsí pé àyà wọn ń já. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ta ló yẹ kó sáré? Níbo ló ń sáré lọ? Ta ni kò gbọdọ̀ sáré rárá?

Ẹ bá mi padà sí ọdún 2014, ọdún Èbólà. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje ọdún náà, ọkùnrin ará Làìbéríà kan balẹ̀ sí Èkó láti Monrovia, ó gba Lomé kọjá. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ kí ó tó dé. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀bàlẹ́ndé, First Consultant, ni wọ́n gbé e lọ, nítorí pé àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò náà. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa níbí? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì fura. Dókítà yìí kò tọ́jú Èbólà rí. Kò sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ rí nínú ilé ìwòsàn yẹn. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n ya ọkùnrin náà sọ́tọ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kàn sí ìjọba.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ọkùnrin náà ní ìpàdé ECOWAS kan tó fẹ́ lọ ṣe ní Calabar. Inú ń bí i. Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń pe ilé ìwòsàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa lọ, àfi bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n jí èèyàn gbé. Dókítà Adadevoh kọ̀ jálẹ̀. Àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay kúkú ni. Agídí yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìdílé wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ìbínú ń wọlé láti òkè, ìbẹ̀rù ń jáde láti ìsàlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ kan aláìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ká ní ẹlòmíràn ni, yóò fi ìbínú àwọn ẹni ńlá yẹn bú mọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. A mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà bá ti bú u lórí fóònù, akọ̀wé tó wà nítòsí ló máa kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Obìnrin yìí gba ìpè náà sára, ó sì dá a dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun tó fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ni ìmọ̀: ó wá ọ̀rọ̀ nípa àìsàn náà jáde, ó pín in fún wọn kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn, ó sì ń wá aṣọ ìdáàbòbò kiri. Àìsàn náà padà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, òun àti díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò dé Calabar.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo òdì kejì rẹ̀. Ṣé ẹ rántí omi iyọ̀?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lóru ọjọ́ kan, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014 yẹn kan náà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Wọ́n ní kí á dìde, kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Èbólà kò ní lè sún mọ́ wa. Ìyá ń jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn ń pe àbúrò tó wà ní ìletò. Àwọn kan tí wọ́n ń gbọ́ mi lọ́wọ́ báyìí wẹ̀ ẹ́. Mi ò ní dárúkọ yín. Ìròyìn jáde lẹ́yìn náà pé èèyàn méjì kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, mẹ́nu bà á nígbà tó ń kìlọ̀ fún aráyé.

Ẹ wò ó, ìlú sáré lóru ọjọ́ yẹn ju àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, agbára wà níbẹ̀, kíákíá pọ̀ níbẹ̀. Kí ni kò sí? Kò sí ẹni tó ń béèrè pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró wádìí nígbà tí àwọn yòókù ń sáré. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí gbogbo ilé bá sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí àgbà ọjà náà bá ti gbé iyọ̀ dání, ta ni yóò tún orí ọmọ ṣe?

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nǹkan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù keje, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìdarí kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Èbólà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó hùmọ̀ rẹ̀ o. Láti ọdún 2012 ni irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti wà fún gbígbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ti àrùn yẹn, Dókítà Faisal Shuaib, ni wọ́n fi ṣe olórí ti Èbólà. Wọ́n wá pín iṣẹ́. Àwọn kan ń wá gbogbo ẹni tó ti bá aláìsàn pàdé. Àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn kan ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ní èbúté àti ní ẹnubodè. Ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, gbogbo wọn sì ń jábọ̀ sí ibì kan náà.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò gbọdọ̀ sáré. Bí ó bá sáré, yóò sọ pé ẹni tó ní àrùn kò ní in, ọ̀ràn á sì di ńlá. Ẹni tó ń wá àwọn tó bá aláìsàn pàdé, òun gan-an ló yẹ kó sáré, nítorí bí ọjọ́ kan bá gorí ọjọ́, ọ̀kan nínú wọn lè ti wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹnì kan nínú wọn yọ́ kúrò ní Èkó lọ sí Port Harcourt, àrùn náà sì mú dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, dókítà ọ̀hún kú. Wọ́n ní láti gbé iṣẹ́ dé Port Harcourt. Nígbà tí wọ́n máa fi parí, èèyàn 894 ni wọ́n ti ṣọ́. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ bá a nílé, wọ́n ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ìbẹ̀wò yẹn tó bí ìgbà 18,500. Ẹ gbé e yẹ̀ wò, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tó gba agbára jù nínú ọ̀rọ̀ Èbólà ni kí èèyàn máa lọ kan ilẹ̀kùn kan náà ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó máa kí onílé, kí ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó lọ sí ilé kejì. Ariwo kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èèyàn ogún ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn ló kú, bẹ́ẹ̀ ìlú tó kún tó Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ó rọrùn fún wọn, ìjọba ni wọ́n." Rárá o. Ẹ rántí ọdún tí ó jẹ́. Ẹgbẹ́ PDP ló wà ní Abuja, ẹgbẹ́ APC ló wà ní Èkó, ìbò àpapọ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Àwọn méjèèjì ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn lórí ọ̀ràn mìíràn. Àwọn àjọ láti òkè òkun náà tún dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bó ṣe máa ń ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti wọ yàrá tí àwọn aláìsàn wà ní Yaba. Ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Àwọn olórí wọn kò sọ fún wọn pé ojo ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn, wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ hàn wọ́n, lẹ́yìn náà ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wá ń wọlé. Ìbẹ̀rù tó bá ní ìdí, ìdí yẹn ni olórí máa ń wá wọ̀rọ̀kọ̀ fi ṣàdá fún. Bíbú ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò mú ẹ̀rù náà lọ.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olórí máa ń ṣì gbọ́. Bí mo ṣe ń sọ pé kí a má ṣe da jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn wa, ẹ má rò pé mo ní kí gbogbo nǹkan tutù nini. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gàrí ní Ayétòrò, ẹ gbà mí lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí iná bá kú lábẹ́ agbada, gàrí á dì, á máa rùn, kò sì sí ẹni tó máa rà á. Bí ẹ bá rí i pé àwọn oníbàárà ti tò síta, tí ẹ wá ki igi mẹ́rin bọ ìdí iná lẹ́ẹ̀kan náà, gàrí á jó nísàlẹ̀, á tutù lókè. Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń jókòó tì í, ẹ ń rò ó, ẹ ń fa igi sẹ́yìn, ẹ ń tì í síwájú, ojú yín kò sì kúrò nínú agbada. Àwọn oníbàárà lè máa pariwo níta.

Nítorí náà, bí ìjà kékeré bá wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ lórí bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí, má sáré pa á. Ilé tó bá ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Mo ti rí ọ́fíìsì tí kò sí ẹni tó ń bá ọ̀gá jiyàn rárá. Ọ̀gá náà ń yangàn pé ìrẹ́pọ̀ wà. Kò mọ̀ pé wọ́n ti mọ ohun tó bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, pé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ sọ ọ́, èébú ló fi gbà. Ìròyìn burúkú tó tètè dé ọ̀dọ̀ olórí, oore ni. Ọ̀nà tí olórí fi ń gba ti àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá èkejì á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ kíákíá, kí n sọ ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rànmíyàn, akọni Ifẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún àwọn ará ìlú pé bí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun, òun á padà wá gbà wọ́n. Ìtàn sọ pé lálẹ́ ọjọ́ kan, níbi ọdún, nígbà tí ẹmu ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìpè náà ṣeré. Ọ̀rànmíyàn jáde lóòótọ́. Nínú òkùnkùn, ó ń ṣá èèyàn lọ́tùn-ún lósì, àṣé àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ni. Nígbà tí ojú mọ́ tó rí ohun tó ṣe, kò padà wá mọ́. Ọ̀gá tó bá ń pe gbogbo nǹkan ní pàjáwìrì, ohun tí àwọn ará ìlú yẹn ṣe ló ń ṣe. Lẹ́tà lásán, kíákíá. Kí wọ́n gbálẹ̀, kíákíá. Nígbà tí pàjáwìrì gidi bá dé, ó ti rẹ àwọn tí ó ń pè tán, tàbí kí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dá a lóhùn láìdìde.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ wá kù síbi tó kan àwa ará bodè Ìdírókò gan-an, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá ti Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Èbólà dé, ó sì lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìdààmú kan wà tí kì í tètè lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, kò sí ìkìlọ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kòrónà tún wá gun orí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí bodè mẹ́rin, Sẹ̀mẹ̀ wà nínú rẹ̀, Ìdírókò kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba tó kéde ṣíṣí Ìdírókò. Ó lé ní ọdún méjì àbọ̀!

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta ọjà ní agbègbè wa níbí nígbà náà, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Báwo ló ṣe máa darí wọn? Bí ó bá ń jí wọn láràárọ̀ pẹ̀lú "ẹ sáré, nǹkan ti le", ibo ni wọ́n fẹ́ sáré lọ? Bodè tì. Eré kò lè ṣí i. Àwọn ọmọ náà á kàn máa ṣe kìtàkìtà kí ìyá má bàa bú wọn, wọ́n á máa to ọjà tí wọ́n ti tò lánàá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀kan á bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí ó bá sì dákẹ́, tí kò sọ nǹkan kan, ìdákẹ́ yẹn náà á máa sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa sọ fún ara wọn lẹ́yìn ilé pé ó fẹ́ lé wa, pé ó ti fẹ́ tilé pa.

Nínú irú ìdààmú tó gùn bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rò pé ó wúlò jù kò ju kékeré lọ. Kí olórí pe wọn jọ ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀. Kí ó sọ ohun tó mọ̀. Kí ó sọ ohun tí kò mọ̀ pẹ̀lú, láìtijú. Kí ó sọ ọjọ́ tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, kí ó sì mú ọjọ́ náà ṣẹ, bí kò tiẹ̀ sí ìròyìn tuntun kankan. Lẹ́yìn náà, kí ó dárúkọ iṣẹ́ kan, ẹyọ kan péré, tí wọ́n lè parí kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán: kí wọ́n gba gbèsè tó wà níta, kí wọ́n wá ẹni tó ń ta ọjà abẹ́lé ní Abẹ́òkúta. Ara tó bá rí nǹkan parí máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Àti pé kí wọ́n máa sinmi níkọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ọdún méjì àbọ̀ sáré.

Ohun kan ló kù, àkókò wa sì ti ń lọ. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2014, WHO kéde pé Èbólà ti tán ní Nàìjíríà. Wọn kò kéde rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara ẹni ìkẹyìn yá. Ọjọ́ 42 ni wọ́n kọ́kọ́ kà, ìyẹn ọjọ́ 21 lọ́nà méjì, kí ó lè dá wọn lójú. Nígbà tó dá wọn lójú, wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n dárúkọ ọjọ́ náà. Àwọn olórí wa mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kíákíá dáadáa. Bí a ṣe ń parí rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí àwọn tíṣà máa dúró di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Àwọn alábẹ̀wò wá, wọ́n lọ. Oṣù kẹta rèé, àwọn tíṣà ṣì ń dúró di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gbọ́ wa, nígbà wo lẹ sọ fún àwọn èèyàn yín gbẹ̀yìn pé èyí tí a sáré sí ti parí, kí wọ́n máa lọ sílé? Ẹ ro ìyẹn wò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a bá tún pàdé, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ la máa gbé yẹ̀ wò, bí a ṣe ń pín in láìsí pé ẹnì kan ń kùn lẹ́yìn ilé.